Mínísírì òwò àti ilé-iṣẹ́: iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Àga oníke ni mò ń ṣe, èmi àti òṣìṣẹ́ 14. Láti bí ọdún méjì báyìí ni wọ́n ti ń kó àga wọlé láti òkèèrè, iye tí wọ́n ń tà á ò sì tó iye tí èmi fi ń ra ike tí mo fi ń ṣe tèmi. Mo kọ lẹ́tà sí mínísírì òwò àti ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n fòfin de àga yẹn. Oṣù mẹ́ta, kò sí èsì. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Mo dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n ní mínísírì ìnáwó ló ń gbé owó bodè lé ọjà, àwọn kàn ń gbà á ni. Mínísírì ìnáwó ní kí n padà sọ́dọ̀ mínísírì òwò. Ẹsẹ̀ mi ti wú. Kí ni mínísírì yìí ń ṣe gan-an? Tí kò lè dá ọjà dúró, tí kò lè yá mi lówó, kí ló dé tí ìjọba ò kúkú tì í pa?

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì kú ìrìn. Mo ti ka gbogbo ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí kí n tó dá sí i. Àwọn kan ní báńkì ló yẹ kí mínísírì yẹn jẹ́, kó máa pín lóònù. Àwọn kan ní ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ni, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa sọ pé èyí wọlé, ìyẹn ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń kó mọ̀lẹ́bí olóṣèlú sí ni, níbòmíì ìyẹn ò jìnnà sóòótọ́ ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè.

Bàtà ni mo ṣe fún ọdún 11, mo sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa fún ọdún 4 nínú ẹ̀, ohun tí mo rí ni pé mínísírì òwò ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ló ní. Owó bodè tí ẹ ń wí, ìnáwó ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí owó tó ń wọ àpò ìjọba ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù tó dúró síbi tí ọjà ti ń wọlé, abẹ́ ìnáwó náà ni wọ́n wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lóònù, báńkì ló ni ín. Ọ̀nà àti iná, mínísírì míì. Kí ló wá kù? Ìwé òfin ọjà ló kù: ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, àmì tí ẹ fi ń dá ọjà yín mọ̀, ìlànà tí ọjà gbọ́dọ̀ bá mu, àdéhùn òwò tí ìjọba bá ìjọba míì ṣe, ìwé ẹ̀rí pé ibí ni wọ́n ti ṣe nǹkan yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu tó máa fi bá àwọn tó lọ́wọ́ sọ̀rọ̀ nítorí yín.

Ìdí tí wọ́n fi ń tì yín kiri nìyẹn. Kò sí èyí tó parọ́ fún yín nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ti òwò nìkan ni mo bá wí, torí àwọn ló yẹ kó là á mọ́lẹ̀ fún yín pé kò sí nǹkan nínú lẹ́tà yín tí àwọn lè gbé lọ síwájú ìnáwó.

* * *

Wọ́n bi mí bóyá bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyí. Rárá o, wọn ò tíì fẹnu kò lórí orúkọ gan-an. Ní Britain, ọdún 1970 ni wọ́n da Board of Trade àtijọ́ pọ̀ mọ́ mínísírì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n pè é ní Department of Trade and Industry, 1974 wọ́n là á, 1983 wọ́n tún so ó pọ̀, 2007 wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́, 2016 wọ́n yọ òwò òkèèrè sọ́tọ̀, 2023 wọ́n tún kó o padà sábẹ́ òrùlé kan. Ẹ wò ó bí ẹni tó ń tún yàrá tò, tí ẹrù inú ẹ̀ ò lé ẹyọ kan.

Ti Amẹ́ríkà tún ya èèyàn lẹ́nu. 1903 ni wọ́n dá Department of Commerce and Labor sílẹ̀, 1913 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kúrò nínú ẹ̀. Lónìí, inú Commerce yẹn lẹ ti máa rí àwọn tó ń ka iye èèyàn, àwọn tó ń forúkọ ohun tí èèyàn ṣẹ̀dá sílẹ̀, àti àwọn tó ń sọ bóyá òjò máa rọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá orílẹ̀-èdè míì dúnàádúrà lórí òwò ò sí níbẹ̀, láti 1963 ló ti wà ní ọ́fíìsì Ààrẹ.

Tí ẹ bá wá ní kí wọ́n ti mínísírì pa, wọ́n á tì í, iṣẹ́ náà á kó lọ sí ọ́fíìsì míì, ẹ̀yin náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan bínú sí mi. Ó ní, "Gbogbo àlàyé yìí fún kí ni? Kí wọ́n ti bodè, ó tán."

Mo gbọ́ yín sà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo tiẹ̀ fọwọ́ lu tábìlì sí i. Ṣùgbọ́n ìjọba tó bá ti wọ WTO, ìyẹn àjọ òwò àgbáyé, ti fọwọ́ sí i pé òun ò ní kàn máa fòfin de ọjà ọlọ́jà bó ṣe wù ú. Inú GATT, àdéhùn àgbáyé ti 1947 lórí owó bodè àti òwò, ni òfin yẹn ti wà, WTO wá gbà á ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1995, ọmọ ẹgbẹ́ sì ti di 166 báyìí, ìyẹn ni pé ó ṣòro kí ibi tẹ́ ẹ wà má sí níbẹ̀. Owó bodè ni wọ́n gbà láàyè, òun náà sì ní ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá, ìjọba fúnra ẹ̀ ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń wọ ẹgbẹ́.

Ọ̀nà tó ṣí fún ẹni bíi tiyín ni kí ẹ fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń da ọjà lé yín lórí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé iye tí wọ́n ń tà á fún wa kéré sí iye tí wọ́n ń ta irú ẹ̀ nílé tiwọn. Ẹ tẹ́tí sí ibẹ̀ yẹn dáadáa, wọn ò sọ pé kó kéré sí tiyín o, kó kéré sí ti ilé wọn ni. Ọjà tó pọ́kú ò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ wọn ló yára ju tiyín lọ, ó sì lè jẹ́ pé ike àlòkù tí wọ́n yọ́ padà ni wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ń pa yín lára, àti pé òun gan-an ló ń pa yín lára, kì í ṣe gbèsè yín tàbí ẹ̀rọ yín tó ti gbó. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ mínísírì níbí yìí ni kó mọ èyí tí inú ń run.

Àwọn nọ́ńbà ẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń kú. Àwọn tó fara mọ́ ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ máa ṣe, ó kéré tán, ìdá 25 nínú 100 gbogbo irú ọjà náà tí wọ́n ń ṣe nílé, ohun tí wọ́n ń ṣe sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ láàárín gbogbo àwọn tó bá lanu sọ pé àwọn fẹ́ tàbí àwọn ò fẹ́. Tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí wọ́n ń tà á fún wa àti iye tí wọ́n ń tà á nílé wọn ò bá tó ìdá 2 nínú 100, wọ́n á pa fáìlì dé. Tí èyí tó ń ti orílẹ̀-èdè yẹn wá ò bá tó ìdá 3 nínú 100 gbogbo irú ẹ̀ tó ń wọlé, wọ́n sábà máa ń pa á dé náà. Tí wọ́n bá gbà á, ọjọ́ 60 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó lè gbé owó onígbà díẹ̀ pàápàá lé e. Ìwádìí yẹ kó parí láàárín ọdún kan, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 18 lọ. Owó tí wọ́n bá wá gbé lé e lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọdún 5 ni, àfi tí wọ́n bá tún yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé ìpalára á padà wá tí wọ́n bá mú un kúrò.

Ilé-iṣẹ́ tó bá kú kí oṣù 18 tó pé ńkọ́? Ó ti kú nìyẹn, n ò ní tàn yín.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bàtà gbóná, ẹgbẹ́ wa pinnu pé a máa fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan àwọn tó ń kó bàtà wọlé. A lé ní ogójì. Ìpàdé àkọ́kọ́, àga ò kárí, kálukú ń pariwo, kálukú fẹ́ kí mínísítà gbọ́ orúkọ òun. Ìpàdé kejì, ọmọbìnrin kan wá láti mínísírì, ó mú fọ́ọ̀mù dání. Ó ní kí kálukú kọ iye bàtà tó ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, iye tó tà, èrè tó jẹ tàbí àdánù tó bá a, iye òṣìṣẹ́ tó dá dúró, kó wá so ìwé owó ẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará, yàrá dákẹ́ lọ gbári.

Ẹnì kan ní ìyàwó òun ló ń tọ́jú ìwé, ìyàwó sì rìnrìn àjò. Ẹnì kan ní eku ti jẹ tòun. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n ń gbé síwájú agbowó-orí lọ́dọọdún ń sọ pé àwọn ò tà rárá, èyí tí wọ́n máa gbé síwájú mínísírì sì gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ń tà wìtìwìtì kí ọjà òkèèrè tó dé, ìwé méjèèjì ò sì lè jókòó sórí tábìlì kan náà. Nígbà tó yá, àwa 7 péré la dá fọ́ọ̀mù padà. Wọ́n ṣírò ohun tí àwa 7 ń ṣe, kò súnmọ́ ìdá 25. Fáìlì kú. Títí dòní, àwọn tó jókòó sí yàrá yẹn ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé ìjọba ló tà wá.

Mo ṣì ní tèmi nínú sí mínísírì yẹn o. Fọ́ọ̀mù wọn nípọn bí ìwé àdúrà, wọn ò sì ní ẹyọ òṣìṣẹ́ kan tó máa jókòó ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kó bá a kọ ọ́. Òfin yìí, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní lọ́yà àti oníṣirò owó ló rọ̀ lọ́rùn. Ọmọbìnrin tó mú fọ́ọ̀mù wá sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé òun mọ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

* * *

Ẹnì kan ní kí n má gbàgbé àwọn tó ń ra àga. Òótọ́ ni, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mínísírì yìí ní láti gbọ́ ti ẹni tó ń ṣe ọjà, kó gbọ́ ti ẹni tó ń rà á lò, kó sì gbọ́ ti ẹni tó ń rà á láti fi ṣe ọjà míì, ẹni kẹta yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Oṣù kẹta ọdún 2002, Ààrẹ Bush ti Amẹ́ríkà gbé owó bodè tó tó ìdá 30 nínú 100 lé oríṣi irin kan láti gba àwọn tó ń yọ́ irin nílé là. Àwọn tó ń fi irin ṣe nǹkan míì figbe ta, WTO náà dá ẹjọ́ pé kò tọ̀nà, oṣù kejìlá 2003 ló mú un kúrò. Inú àwọn tó ń yọ́ irin ò dùn, inú àwọn tó ń lo irin náà ò sì dùn torí owó tí wọ́n ti san lọ.

* * *

Ẹ padà sọ́dọ̀ alága wa, ìyẹn ẹni tó ń ṣe àga (ẹ máà bínú). Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yẹn tí gbogbo wa fò kọjá: iye tí wọ́n ń ta àga náà ò tó iye tí òun fi ń ra ike. Ike nìkan o, kò tíì ka iná, kò tíì ka owó òṣìṣẹ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ àga yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa lé.

Gbogbo ọjà tó ń kọjá ẹnubodè ló ní nọ́ńbà. Onídíjíìtì 6 ni, àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé ló ń tọ́jú ẹ̀, 1988 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orílẹ̀-èdè àti àgbègbè tó lé ní 200 ló ń lò ó, kálukú wá lè fi díjíìtì tiẹ̀ kún un lẹ́yìn. Àga oníke máa ń bọ́ sí 9401.80. Ike oníhóró tí wọ́n ń pè ní polypropylene, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àga bẹ́ẹ̀, 3902.10 ni. Ẹ wá ìwé owó bodè orílẹ̀-èdè yín, ẹ wo ohun tó wà níwájú nọ́ńbà méjèèjì. Tí owó orí ike bá ju ti àga lọ, a jẹ́ pé ìjọba yín ló ń sọ fún yín, láìlanu, pé kẹ́ ẹ yé ṣe àga, kẹ́ ẹ lọ rà á wá.

Ẹ má rò pé ìkà kan ló jókòó ṣe é. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́dún kan ẹnì kan tó ń ṣe ike oníhóró nílé lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé owó lé ike tó ń wọlé láti fi gbà á. Lọ́dún míì wọ́n bá orílẹ̀-èdè kan ṣe àdéhùn, wọ́n dín owó orí àga kù láàárín nǹkan 1,000 míì. Ẹni tó ṣe ìkíní ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ṣe èkejì ò mọ̀ pé ìkíní wà. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Bẹ́ ẹ bá bi mí kí ni mínísírì òwò wà fún, kó gbé ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyẹn. Ìnáwó ò ní ṣe é, owó tó ń wọlé ni tiẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní ṣe é, ohun tí wọ́n bá kọ fún un ni yóò gbà. Ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín owó orí ike kù sì rọrùn ju ẹ̀sùn tí mo ṣàlàyé lókè lọ fíìfíì, kò ní oṣù 18, kò ní ìdá 25, òfin àgbáyé kankan ò sì sọ pé kẹ́ ẹ má dín owó bodè tara yín kù. Ẹni tó ń ṣe ike nílé á bá yín jà o, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká má gbàgbé, tẹ́ ẹ bá ń kó àga lọ tà lókè òkun, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń dá owó bodè tẹ́ ẹ san lórí ike padà fún yín tẹ́ ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí. Ìwé náà ló máa ń sọnù.

* * *

"Gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, òṣùwọ̀n, àmì ọjà, ìforúkọsílẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ṣé torí ẹ̀ la ṣe ní mínísítà?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, torí iṣẹ́ akọ̀wé yẹn ló ná mi lówó.

Mo fi bàtà ránṣẹ́ sí Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ gidi ni, awọ tó dáa, mo fọwọ́ ara mi yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Wọ́n dá a dúró níbẹ̀. Kí ló ṣe é? Léébẹ́lì. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1994 pé bàtà gbọ́dọ̀ ní àmì tó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe òkè ẹ̀, inú ẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, ohun tó bá gba ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 ibẹ̀ ni wọ́n á kọ, wọ́n sì lè fi àwòrán kékeré dípò ọ̀rọ̀. Ìlẹ̀mọ́ kékeré lásán! Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo la máa fi lẹ gbogbo ẹ̀. Owó tí mo san fún ibi tí wọ́n kó o sí àti fún àwọn tí mo háyà láti lẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún jẹ èrè náà tán, ó sì jẹ díẹ̀ lára owó tí mo fi ṣe bàtà náà.

Nígbà tí mo padà délé mo lọ bá mínísírì jà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan gbọ́ mi tán, ó dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé kan jáde tó ti ní eruku. Òfin léébẹ́lì yẹn gẹ́lẹ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú WTO ló gbọ́dọ̀ ní ibi tí èèyàn ti lè béèrè irú nǹkan báyìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kéde fún ara wọn tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìlànà tuntun tó lè dí ọjà lọ́wọ́ jáde, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ kí àwọn yòókù fi sọ tẹnu wọn. Tábìlì bàbá yẹn ni ibi ìbéèrè tiwa. Ó ní, "Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́ tó wá lọ́dún yìí." N kò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. N ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, òun náà ò ronú pé kó jáde wá sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá ń bi mí nípa òṣùwọ̀n. Ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1875 ni orílẹ̀-èdè 17 fọwọ́ sí ìwé ní Paris kí mítà kan lè jẹ́ mítà kan níbi gbogbo. Láìsí ìyẹn, oníbàárà tó wà ní òkèèrè ò lè sọ pé kẹ́ ẹ ṣe ẹsẹ̀ àga tó nípọn tó báyìí kó sì dá a lójú. Àmì ọjà ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ kan lọ forúkọ bàtà mi sílẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ pé mi ò ráyè. Odidi ọdún kan la fi ṣe ẹjọ́ yẹn. Akọ̀wé kan ni mínísítà tó gbà mí.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa Japan, pé mínísírì wọn ló sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, pé kí tiwa náà máa pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ bíi tiwọn. MITI ló ń sọ, 1949 ló bẹ̀rẹ̀, 2001 ló di METI. Wọ́n gbìyànjú gan-an, n ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, àwọn ló ń pín owó ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí owó ọ̀hún ṣọ̀wọ́n, ẹni tí wọ́n bá fún ló ń rí ẹ̀rọ rà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan fẹ́ san dọ́là 25,000 fún Western Electric ti Amẹ́ríkà ní 1953 kí wọ́n lè gba àṣẹ láti máa ṣe transistor, ẹ̀yà kékeré tó ń mú rédíò àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. MITI fi wọ́n sílẹ̀ láìfọwọ́ sí i fún oṣù bíi mélòó kan, lójú wọn ta ni àwọn ọmọ kékeré yìí. Ilé-iṣẹ́ yẹn là ń pè ní Sony lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1963, wọ́n gbé òfin kan lọ sílé aṣòfin tó fẹ́ dí ilé-iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ kó má wọ iṣẹ́ mọ́tò, wọ́n ní àwọn tó wà níbẹ̀ ti tó. Òfin náà ò kọjá. Honda, tó jẹ́ alùpùpù ló ń ṣe, sáré gbé mọ́tò tiẹ̀ jáde lọ́dún yẹn gan-an.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Gúúsù Kòríà. Ààrẹ Park Chung-hee máa ń jókòó fúnra ẹ̀ sí ìpàdé lóṣooṣù lórí ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun, àwọn oníléeṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn mínísítà wà níbẹ̀, oníléeṣẹ́ á sọ ohun tó dí i lọ́wọ́, mínísítà tó kàn á dáhùn lójú Ààrẹ. 1964 ni ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun lọ́dún pé mílíọ̀nù 100 dọ́là, 1977 ó pé bílíọ̀nù 10. Ológun tó le ni Park o, n ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá irú ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ọjọ́ yẹn lóṣù, ẹnu mínísírì òwò àti ọwọ́ mínísírì ìnáwó wà nínú yàrá kan náà, alága wa ò ní rìn débi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa wú.

* * *

Lóònù? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti bi mí. Nígbà tí mínísírì bá ń pín owó fúnra ẹ̀, àwọn tó mọ̀ pé ó ń pín in ló máa ń rí i gbà. Mo ti gbà á rí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fi ra ẹ̀rọ tí n ò nílò torí pé ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ní kí n fi rà, ohun tó ń yọ mí lẹ́nu nígbà yẹn sì jẹ́ àwọn oníbàárà tó gba ọjà tí wọn ò tíì sanwó. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nílé, aṣọ la ń sá lé e.

* * *

Alága wa padà wá lánàá. Ó ní òun ti rí ìwé owó bodè, pé òótọ́ ni, owó orí ike ju ti àga lọ, ó fi ìlọ́po méjì jù ú. Ó ní òun ti rí àwọn 6 míì tó ń ṣe àga oníke, wọ́n jọ fẹ́ lọ sí mínísírì lọ́jọ́ Tuesday. Kí ni kí àwọn mú dání?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má mú lẹ́tà tó ń sunkún lọ mọ́. Ẹ mú nọ́ńbà méjèèjì àti owó tó wà níwájú wọn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ fi ra ike ní ọdún mẹ́ta. Ẹ kọ iye ike tó ń wọ àga kan, iye owó bodè tó wà nínú ike yẹn, kẹ́ ẹ fi hàn iye tí àga kan máa fi wálẹ̀ tí wọ́n bá dín owó yẹn kù dé ti àga. Ẹ kọ iye òṣìṣẹ́ tí ẹ̀yin 7 ní lónìí àti iye tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣe ike oníhóró nílé, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn, tí kò bá sí, ẹjọ́ yín ti dé ìdajì. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà yín pé àwọn gbà á, kí déètì wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ìgbìmọ̀ tí òwò àti ìnáwó ti jọ ń jókòó lórí owó bodè, àti ọjọ́ tí wọ́n tún máa jókòó, torí lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn ìjókòó, ó di ìjókòó míì.

* * *

Ó tún kọ lálẹ́ pé méjì nínú àwọn 6 yẹn ní àwọn á tẹ̀ lé wọn lọ ṣùgbọ́n àwọn ò ní mú ìwé owó kankan dání.

Ilé àwọn méjì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kó tó di Tuesday. Ẹ sọ fún wọn pé ìwé tẹ́ ẹ fi ra ike nìkan lẹ nílò, ẹ ò béèrè èrè.